Ẹnu kóńgò ni 4K, ẹ béèrè gàrí inú rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Òṣogbo ni mò ń gbé. Ọmọ mi obìnrin ra tẹlifíṣọ̀n 4K oní-ínǹṣì 43 fún mi, ó sì ń san owó Netflix èyí tó wọ́n jù, torí wọ́n ní òun nìkan ló ní 4K nínú. Àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa náà kọ ọ́ sára páálí ráútà wọn pé fíìmù 4K yóò máa ṣàn láìdúró. Oṣù kẹta rèé tí mo ti ń wò ó, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín rẹ̀ àti ti tẹ́lẹ̀. Nígbà mìíràn gan-an, tí ibi tí wọ́n ti ń ṣeré bá ṣókùnkùn, ṣe ni ara ògiri á máa dà bíi pé wọ́n to búlọ́ọ̀kù sí i. Ṣé ojú mi ló ti di ti àgbà ni, àbí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ dídùn gba owó ọmọ mi?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ìsinmi. Ojú yín kò ṣe nǹkan kan. Búlọ́ọ̀kù tí ẹ rí lára ògiri yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, èmi alára sì ti fọwọ́ ara mi to irú rẹ̀ rí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé kí n gba fíìmù lọ́wọ́ àwọn tó yà á, kí n wá fún un pọ̀ títí yóò fi kéré tó ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì lè gbé. Àtìgbà VCD ni mo ti wà nídìí ẹ̀. Nítorí náà, ẹnu ẹni tó ń di ẹrù ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jáde, kì í ṣe ẹnu ẹni tó ń tà á.

Ẹ ti ra gàrí lọ́jà rí, ẹ sì mọ kóńgò tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Tí ẹ bá wò ó láti òkè, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bíi ti kóńgò yòókù, gàrí sì ga lórí rẹ̀ bí òkè. Ìgbà tí ẹ bá délé, tí ẹ dà á sínú ike, lẹ ó tó mọ̀ pé wọ́n ti rẹ́ yín jẹ. 720p, 1080p, 4K: ẹnu kóńgò ni gbogbo orúkọ wọ̀nyí ń wọ̀n. Wọ́n ń sọ iye ẹyọ àmì tó wà lójú àwòrán, èyí tí àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ ń pè ní píksẹ́lì. Ti 720p jẹ́ 1280 ní ìbú, 720 ní òró, àpapọ̀ rẹ̀ 921,600. Ti 1080p jẹ́ 1920 sí 1080, ìyẹn 2,073,600. 4K tí wọ́n ń tà fún ilé jẹ́ 3840 sí 2160, ìyẹn 8,294,400, ìlọ́po mẹ́rin géérégé ti 1080p. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn. Ìpolówó ọjà kò parọ́ níbẹ̀, ó kàn dákẹ́ níbi tó yẹ kó ti sọ̀rọ̀ ni. Kò sọ iye gàrí.

Bíìtì, ìyẹn ẹyọ ìsọfúnni tó kéré jù lọ tí ẹ̀rọ ń kà, ni gàrí inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò kan tí olùkọ́ yóò gbádùn. Kí píksẹ́lì kan tó lè ní àwọ̀ tó péye, bíìtì 24 ló ń gbé e: 8 fún pupa, 8 fún àwọ̀ ewé, 8 fún búlúù. Ẹ fi 24 sọ 2,073,600 di púpọ̀, ẹ ó rí i pé àwòrán kan ṣoṣo ti 1080p gba bíìtì 49,766,400. Fíìmù tó ń fi àwòrán 25 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò wá gba 1,244,160,000. Ó lé ní bílíọ̀nù kan bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Netflix fúnra rẹ̀ wá ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn bá ń sáré tó 5 Mbps, ìyẹn mílíọ̀nù 5 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá, ó tó fún 1080p. Ẹ pín in. Nínú nǹkan bí 249, ẹyọ kan ló dé ọ̀dọ̀ yín. Ibo ni 248 tó kù wọlẹ̀ sí?

Ọ̀dọ̀ èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi ló kù sí. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kò sì ṣe é fojú di. Tí ìyá kan bá jókòó sí pálọ̀ tó ń bá ọmọ rẹ̀ wí, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ kò kúrò lójú kan, kò sídìí tí a ó fi máa fi ògiri kan náà ránṣẹ́ nígbà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá. A ó fi í ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, a ó wá máa fi ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ àti ọwọ́ tó ń jù tẹ̀lé e. Ojú ọmọ ènìyàn tún máa ń tètè mọ ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí òkùnkùn ju bó ṣe ń mọ àwọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì lọ, nítorí náà ara àwọ̀ la ti máa ń gé jù. Tí bíìtì bá pọ̀ tó, ẹnikẹ́ni kò lè fura. Ìgbà tí kò bá tó ni wàhálà. Ẹ̀rọ á pín àwòrán sí búlọ́ọ̀kù kéékèèké. Nínú ọ̀nà ìfúnpọ̀ tí wọ́n ń pè ní H.264, èyí tó ti wà látọdún 2003, tí gbogbo fóònù sì mọ̀, búlọ́ọ̀kù kan jẹ́ píksẹ́lì 16 sí 16. Tí bíìtì bá wọ́n, ẹ̀rọ á kàn ní kí gbogbo inú búlọ́ọ̀kù yẹn jẹ́ àwọ̀ kan. Ibi tó ṣókùnkùn ló sì máa ń kọ́kọ́ jìyà, torí ẹ̀rọ gbà pé ẹ ò ní wo ibẹ̀. Ògiri yín nìyẹn.

Lẹ́yìn òkùnkùn, òde àríyá ló tún ń pa wá. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, olóòtú kan gbé fíìmù oníṣẹ̀ẹ́jú 110 wá fún mi. Ìran ìgbéyàwó kan wà nínú rẹ̀ tó náwó sí gidigidi: léèsì tó ní sítóònù, gèlè tó ń dán, àwọn onígángan, owó níná bí ẹni ń da ewé. Ó ní dandan ni kí n ṣe é ní 4K torí òun fẹ́ kọ ọ́ mọ́ àkọlé lórí YouTube, kí fáìlì rẹ̀ má sì ju 2GB lọ, torí íntánẹ́ẹ̀tì tí òun fẹ́ fi gbé e sókè kò lágbára. Mo ṣírò ó: 2GB fún ìṣẹ́jú 110, nǹkan bí 2.4 Mbps ni. Mo ṣe é bó ṣe fẹ́, mo tún ṣe ọ̀kan ní 720p tí fáìlì rẹ̀ tóbi bákan náà, mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú ti 4K, ihò ara léèsì ìyàwó ti dí pátá, ó ti di aṣọ pẹlẹbẹ. Owó tí wọ́n ń ná ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú afẹ́fẹ́ kó tó dé iwájú orí ìyàwó. Nígbà tí àwọn onílù jó wọlé, ojú gbogbo wọn dà bí ojú fọ́tò tí ẹnì kan fi ìka tútù nù. Nínú ti 720p, ẹ lè ka ihò léèsì náà níkọ̀ọ̀kan. Olóòtú wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni pé ti 720p ló mọ́ jù, àmọ́ kí n jọ̀ọ́ fún òun ní ti 4K. Ó ní, "Ta ló máa tẹ 720?"

Mi ò rí èsì fún un. Mi ò tíì rí i títí dòní.

Kí ẹ má wá rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ló kọ́ wọn. Ẹ rántí páálí "20 in 1" tí wọ́n ń tà lábẹ́ gádà àti ní gáréèjì, fíìmù ogún nínú àwo kan, tí wọ́n sì kọ "DVD quality" gàdàgbà sí iwájú rẹ̀. Àwo DVD tó ní ìpele kan ṣoṣo gba 4.7GB. Ẹ pín in sí ogún, 235MB ló kan fíìmù kọ̀ọ̀kan. Fún wákàtí kan àtààbọ̀, kò tó 0.35 Mbps. VCD àtijọ́ tí a ń bú pé kò mọ́ ní 1.15 Mbps fún àwòrán, ó ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ. Òfin DVD fúnra rẹ̀ gbà kí àwòrán lò tó 9.8 Mbps. DVD lóòótọ́ ni àwo yẹn. Quality rẹ̀ ni mi ò mọ ibi tí wọ́n ti rí i.

Ẹ wá fi ojú yẹn wo ti òde òní. Àwo Blu-ray ti 1080p, ìyẹn àwo fíìmù tó dé lẹ́yìn DVD, lè fún àwòrán ní 40 Mbps. Àwo Blu-ray ti 4K lè gbéra dé 128 Mbps, tohùn tàwòrán. Ní Amẹ́ríkà, tẹlifíṣọ̀n HD tí wọ́n ń fi áńténà gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ní 19.39 Mbps fún ìkànnì kan. Netflix ní 15 Mbps tó fún 4K. Ohun tí píksẹ́lì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti Blu-ray 1080p, gàrí tí wọ́n dà sí i kò tó ìdajì ohun tí Blu-ray yẹn láyè láti gbà. Kí n má ṣèké o: ìṣirò yìí kò dọ́gba tán. Ibi tí àwo lè gbéra dé ni mo sọ, kì í ṣe ibi tó máa ń wà nígbà gbogbo. Ọ̀nà ìfúnpọ̀ sì ti gbọ́n sí i. HEVC tó jáde lọ́dún 2013 àti AV1 tó jáde lọ́dún 2018 ń fi bíìtì díẹ̀ ṣe ohun tí ti ayé DVD nílò púpọ̀ fún. 15 Mbps tí wọ́n bá fi HEVC ṣe dáadáa, àwòrán tó dára ni, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ìjà mi ni pé orúkọ "4K" kò sọ fún yín bóyá 15 ni tàbí 3.

Àwọn tó ń tà á náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2023, YouTube bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun kan tí wọ́n pè ní "1080p Premium" fún àwọn tó ń san owó oṣooṣù. Píksẹ́lì rẹ̀ kò fi ẹyọ kan ju ti 1080p ọ̀fẹ́ lọ. Bíìtì ni wọ́n fi kún un. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń ta gàrí fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kóńgò méjì lòun ní, ẹnu wọn dọ́gba, ọ̀kan ló kún. Ìgbà tí mo rí i, mo dìde lórí àga.

Ẹ̀rí kejì ni ti oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí Kòrónà ti gbogbo ènìyàn mọ́lé. Thierry Breton, tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù nígbà náà, bẹ àwọn ilé iṣẹ́ fídíò pé kí wọ́n dín ẹrù tí wọ́n ń gbé gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kù. Netflix gbà láti fi nǹkan bí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún dín in kù ní Yúróòpù fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tó sanwó 4K yóò ṣì máa rí 4K rẹ̀ gbà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Píksẹ́lì kò dín, bíìtì ló dín. Èmi kì í bú wọn fún ti ọdún yẹn, ìpọ́njú ni. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé wọ́n lè bu ìdá kan nínú mẹ́rin gàrí kúrò láìfọwọ́ kan orúkọ tó wà lára kóńgò.

Ìyẹn ti àwọn tó ń ta fíìmù. Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sí ojú ọ̀nà tó ń gbà dé ọ̀dọ̀ yín, torí ibẹ̀ ni mo fura sí jù nínú ọ̀ràn tiyín.

Fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í wá lódidi. Wọ́n ti gé e sí ègé oníṣẹ̀ẹ́jú àáyá mélòó kan, ègé kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀dà púpọ̀: ọ̀kan ti 4K, ọ̀kan ti 1080p, ọ̀kan ti 720p, títí dé èyí tó ṣú bàìbàì. Tẹlifíṣọ̀n yín ló ń béèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ègé tó kọjá bá tètè dé, á béèrè èyí tó tóbi. Tó bá pẹ́, á sọ̀ kalẹ̀. Nítorí ẹ̀ ni ó fi ṣọ̀wọ́n kí fíìmù dúró kó máa yípo bíi ti àtijọ́. Kàkà kó dúró, ṣe ló ń rẹlẹ̀ wẹ́rẹ́ láìkí ẹnikẹ́ni. Nígbà tó bá di aago mẹ́jọ alẹ́, tí gbogbo àdúgbò ti dé láti ibi iṣẹ́, tí gbogbo wọn sì so mọ́ òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, 4K yín lè ti di 540p kí ẹ tó parí oúnjẹ. Àmì "Ultra HD", orúkọ mìíràn fún 4K, ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ fíìmù níbẹ̀ o. Ibi tó lè ga dé ni àmì yẹn ń sọ, kò sọ ibi tó wà báyìí.

Ohun kan tún wà tí àwọn òǹtajà kì í fẹ́ kí a dárúkọ. Mo ra àpótí kékeré kan ní Ìkẹjà, lọ́dọ̀ ẹnì kan tó búra fún mi pé 4K ni. Mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo tẹ bọ́tìnnì info lórí rìmóòtù, tẹlifíṣọ̀n kọ ọ́ jáde gbangba: 3840 sí 2160. Inú mi dùn. Àmọ́ àwòrán ṣú. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí orí mi tó pé. Netflix kì í fi ẹ̀dà HD ránṣẹ́ sí àpótí tàbí fóònù Android tí kò bá ní ìwé àṣẹ ààbò tí wọ́n ń pè ní Widevine L1. L3 ni ti àpótí mi. Ẹ̀dà tó rẹlẹ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i, àpótí wá ń na ẹ̀dà yẹn fẹ̀ bí aṣọ tó kéré títí á fi kún ojú tẹlifíṣọ̀n. Ohun tó jáde láti inú àpótí ni tẹlifíṣọ̀n ń ròyìn, kò mọ ohun tó wọnú àpótí. Fóònù olówó pọ́ọ́kú tó ní L3 pọ̀ nílùú yìí pẹ̀lú, àwọn tó ni wọ́n sì ń san owó HD lóṣooṣù. Ẹ bi ọmọ yín bóyá inú tẹlifíṣọ̀n gan-an ni Netflix yín wà tàbí inú àpótí kan tí wọ́n so mọ́ ọn.

Kí ẹ tó bínú sí ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n dáhùn apá ojú nínú ìbéèrè yín, torí ó ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ojú tó dára, tí dókítà ojú wò tó ní kò ní àléébù, kò lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí àyè àárín wọn bá kéré ju ìdá kan nínú ọgọ́ta dígíríì lọ. Tẹlifíṣọ̀n ínǹṣì 43 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 95. Tí ẹ bá pín ìyẹn fún píksẹ́lì 1920, ẹyọ kan kò tó ààbọ̀ mìlímítà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ síwájú: tí ẹ bá ti jókòó jìnnà sí i ju nǹkan bíi mítà 1.7 lọ, ojú tó dára kò lè ya píksẹ́lì 1080p sọ́tọ̀ mọ́. Tí ó bá ti kọjá mítà 2.6, ti 720p gan-an kò ṣe é yà. Àga pálọ̀ wa sábà máa ń fara ti ògiri kejì, tẹlifíṣọ̀n á fara ti ògiri yìí, mítà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbẹ̀ yẹn, 4K àti 1080p tí wọ́n fún ní bíìtì tó tó, ọmọ ogún ọdún kò lè dá wọn mọ̀ nípa píksẹ́lì nìkan. Ohun tí ẹ lè rí látibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní HDR, tó sábà máa ń bá 4K rìn. Òun nìkan ni mo lè sọ pé ó tó owó fún, ìyẹn tí tẹlifíṣọ̀n yín bá ní ìmọ́lẹ̀ tó lè gbé e. Ọ̀pọ̀ èyí tó kọ HDR sára páálí kò ní in.

Ẹ wá wò ó bó ṣe rí: píksẹ́lì tí wọ́n ń polówó, ẹ ò lè rí i látorí àga. Búlọ́ọ̀kù tí àìtó bíìtì ń fà, ẹ rí i kedere látorí àga kan náà, torí píksẹ́lì 16 ló wà nínú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Ohun tí wọ́n gbowó lé kò hàn, ohun tí wọ́n dákẹ́ lé ló hàn.

Ní ti àwọn tó ta ráútà, ọ̀rọ̀ tiwọn kò gùn. Ẹ máa wo ọ̀rọ̀ "up to" lára páálí wọn, ìyẹn "ó lè tó". Ẹni tó ní ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí ní London lè bi wọ́n. Níbẹ̀, títí di ọdún 2018, ilé iṣẹ́ lè polówó ìsáré tó jẹ́ pé ìdá mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oníbàárà rẹ̀ ló ń rí i. Láti oṣù karùn-ún ọdún yẹn, àwọn alábòójútó ìpolówó ọjà ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ó kéré tán ìdajì wọn ń rí láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́, ìgbà tí gbogbo ayé ń wo fíìmù. Nọ́ńbà tó wà lára páálí tiyín, ẹ bi wọ́n pé aago mélòó ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Ẹ tún bi wọ́n iye GB tí ẹ lè lò lóṣù kí wọ́n tó dín ìsáré rẹ̀ kù, torí "unlimited" púpọ̀ ló ní ilẹ̀kùn yẹn lẹ́yìn. Bíìtì 8 ló sì wà nínú báìtì kan. Tí ẹnì kan bá ní 40 Mbps, mílíọ̀nù 5 báìtì, ìyẹn MB 5, péré ni ní ìṣẹ́jú àáyá.

Ẹ̀yin náà lè wọ̀n gàrí yín, kò la ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ. Kọ́ńtà dátà wà nínú áàpù ráútà, ọmọ yín á mọ ibẹ̀. Ẹ kọ iye tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, ẹ wo fíìmù fún wákàtí kan gbáko, ẹ tún kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkẹyìn, ẹ fi 2.2 sọ GB tó kù di púpọ̀, Mbps yín nìyẹn. Netflix ní 4K lè jẹ tó 7GB ní wákàtí, ìyẹn bí 15 Mbps, kí HD sì jẹ tó 3GB. Tí tiyín bá sún mọ́ 7, ẹ ń rí ohun tí wọ́n sọ gbà. Tó bá jẹ́ 0.7, kì í ṣe 4K ni ẹ ń wò, ohunkóhun tí wọn ìbáà kọ sójú rẹ̀. Ẹ má fi kàtúùnù dán an wò o, torí láti ìparí ọdún 2015 ni Netflix ti ń wọ̀n bíìtì fún fíìmù kọ̀ọ̀kan bó ṣe le tó, kàtúùnù tí àwọ̀ rẹ̀ tẹ́jú kì í gba púpọ̀, kò sì sí jìbìtì níbẹ̀. Fíìmù tí ènìyàn gidi ṣe, tí ìjà tàbí òjò wà nínú rẹ̀, ni kí ẹ lò. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ẹ ṣí fast.com, ojú òpó tó ń wọn ìsáré íntánẹ́ẹ̀tì, lórí fóònù. Netflix ló ni ín, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tirẹ̀ ló ti ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ara wọn.

Tí fast.com bá fún yín ní 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kọ́ńtà sì ní 0.7GB, ẹ má tíì gbé ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ ní kí ọmọ yín wọ àkáǹtì Netflix náà láti orí kọ̀ǹpútà, kó wo ibi tí wọ́n ń pè ní playback settings. Àwọn ọmọ wa tó ń bẹ̀rù owó dátà máa ń yí i sí "Low" tàbí "Medium", wọn á sì gbàgbé. Bó bá ti wà níbẹ̀, ẹ lè san owó 4K títí di ọdún tó ń bọ̀, ẹyọ 4K kan kò ní wọlé. Kó yí i sí "High", kẹ́ ẹ tún un wọ̀n.

Tí mo bá jẹ́ ọmọ yín, màá bọ́ sílẹ̀ sí ìpele 1080p fún oṣù kan, màá fi owó tó kù kún dátà. Nínú tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀, ẹ kúrò ní "Vivid", ẹ lọ sí "Movie" tàbí "Cinema", kí ẹ sì dín "Sharpness" kù títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òdo. Sharpness kì í fi nǹkan kún àwòrán, etí gbogbo nǹkan ló máa ń fa ìlà sí, etí búlọ́ọ̀kù ara ògiri yín wà lára wọn. Ìyẹn nìkan lè pa ìdajì ohun tó ń bí yín nínú.

Lálẹ́ tí ẹ bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, ẹ rí i pé àwọn ọmọ-ọmọ kò sí lórí Wi-Fi o, kọ́ńtà ráútà kò mọ dátà Netflix yàtọ̀ sí ti TikTok.